Bátìrì Tó Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà

Bátìrì mẹ́rin ni ìyá ẹlẹ́ja tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mabera, nínú ìlú Sókótó, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ló sì máa ń kú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, kì í pé oṣù mẹ́jọ tí tuntun náà fi máa wú bí ojú ẹni tí oyin ta, tí ara rẹ̀ á máa gbóná, tí òórùn ásíìdì á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Kò sí ohun tó ń ṣe àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá ti ra bátìrì tuntun sí ojú kan náà kí ó tó ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti wọ́n omi àdúrà sí ìdí ògiri. Ó ní, "Ọmọ mi, bátìrì kọ́ ló ní wàhálà. Ibi tó jókòó sí yẹn ni kò dáa."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí láti ọjọ́ náà, nítorí òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá sọ. Ibi tí bátìrì náà jókòó sí ni kò dáa. Àmọ́ ọwọ́ ayé kọ́ ló wà níbẹ̀, wáyà ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Sókótó máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius, tí ògiri á máa mí ooru jáde títí di ọ̀gànjọ́. Iná ìjọba ti lọ. Fìríìsà ẹja àti fáànù ń fa iná lára bátìrì. Mo mú mítà ẹlẹ́mú mi jáde, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń là bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tí a fi ń gbá wáyà mú láì bó o lára. Mo fi gbá wáyà ńlá tó wọ inú ínfátà lọ mú. Ó ka 40 ámpíà. Ohun tí ẹni tó so ínfátà náà kà nìyẹn pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe sọ fún mi. Ó ka 40, ó ní ó ti pé, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Èmi náà ì bá bá tèmi lọ, bí kì í bá ṣe ohun tí bàbá mi ti kọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ẹnu mítà náà lọ sí wáyà kúkúrú tó so bátìrì kẹta mọ́ ìkẹrin. Ó ka 6.4. Mo sún un sí àárín ìkejì àti ìkẹta: 14.1. Mo sún un sí àárín àkọ́kọ́ àti ìkejì: 24.6. Bí ẹ bá ń yọ iye kọ̀ọ̀kan kúrò nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí ohun tí olúkúlùkù ń gbé. Bátìrì kẹrin ń gbé 6.4, ìkẹta 7.7, ìkejì 10.5, àkọ́kọ́ 15.4. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 40 ni géérégé. Àpapọ̀ kò purọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín in bó ṣe yẹ, mẹ́wàá mẹ́wàá ni ì bá kan wọn, bátìrì àkọ́kọ́ sì ti ń dá ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ààbọ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀.

Ohun tó fà á kò le. Ẹni tó so wọ́n mú wáyà méjèèjì ínfátà, pupa àti dúdú, ó dè wọ́n mọ́ orí bátìrì àkọ́kọ́, ó wá ń fi wáyà kúkúrú so àwọn yòókù tẹ̀ lé e bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Iná tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì kẹrin ní láti gba wáyà kúkúrú mẹ́fà kọjá, mẹ́ta lọ́nà pupa, mẹ́ta lọ́nà dúdú, kí ó tó dé ojú títì. Ti àkọ́kọ́ kò gba ìkankan kọjá. Àwọn wáyà náà nípọn, ìdíwọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún iná kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohm. Ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ, tí wọ́n á ní kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n gbàgbé pé inú bátìrì tó dára gan-an kì í díwọ́ ju ìdá bíi márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ohm lọ. Bí ohun kékeré bá dúró ti ohun kékeré ẹgbẹ́ rẹ̀, a kò lè pè é ní kékeré mọ́.

Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọ̀nà tó rọrùn jù lọ ni iná ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni iná ń gbà, àmọ́ bí ọ̀nà kan bá ṣe rọrùn sí ni èyí tó máa gba ibẹ̀ ṣe máa pọ̀ sí. Nínú agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́. Kì í ṣe pé bàbá àgbà kórìíra rẹ̀, òun nìkan kọ́ ló sì lẹ́sẹ̀ nínú ilé. Òun lojú kọ́kọ́ bá ni. Wọn a tún máa rán àwọn tó wà ní ìyẹ̀wù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á rán wọn nígbà tí ti ẹnu ọ̀nà bá ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bátìrì tuntun tí ìyá ń rà tún ń dá kún ọ̀ràn náà, nítorí inú bátìrì tuntun kì í díwọ́ iná tó ti ogbó. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ojú tí ẹrù ti wúwo jù náà ni ẹrù tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i lórí rẹ̀. Lọ́sàn-án tí sólà bá ń gbé iná wọlé, òun náà ló ń kọ́kọ́ yó, wọ́n á sì máa rọ ọ́ sí i lẹ́nu lẹ́yìn tó ti yó. Ìyẹn ló ń mú un gbóná. Ìṣirò kan sì wà tí àwọn oníbátìrì mọ̀ dájú, pé bí ooru ara bátìrì olómi ásíìdì bá fi 10 lórí ìwọ̀n Celsius ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí bí ìdajì. Ní Sókótó, ooru ìta nìkan ti jẹ nínú ọjọ́ ayé yẹn kí wàhálà wáyà tó dé.

Ẹ má sì rò pé bátìrì kẹrin ń jayé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ náà. Bí iná tó ń jáde lára rẹ̀ ṣe kéré ni èyí tó ń wọlé sí i náà kéré, oòrùn sì máa ń wọ̀ kí ó tó yó. Bátìrì tí kì í yó dáadáa máa ń ta èépá funfun sára òjé inú rẹ̀, èyí tó ń le gbagidi bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ó jọ ẹni tó ń sinmi lójú ẹni tó ń wò ó láti ìta. Ebi ló ń pa á.

Bàbá mi, tó kọ́ mi láti máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Sókótó ní ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Sókótó sílẹ̀. Àwọn ará ilé sọ fún un pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ó ní òun ti wo inú àpò náà dáadáa, òun kò rí i níbẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, ó ń gba iná sí bátìrì mọ́tò. Mai caji, ìyẹn agbaná-sí-bátìrì lédè Hausa, ni àwọn ará ìlú ń pè é títí ó fi padà sílé.

Bátìrì ìgbà yẹn kò dì pa bíi ti òde òní. Ọmọrí mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yàrá kan, torí yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12 fólítì, olúkúlùkù sì ń mú fólítì 2 àti díẹ̀ wá. Oníbàárà á gbé tirẹ̀ dé, á ní, "Màlámù, mo ti fi mítà wò ó, ó lé ní 12, àmọ́ kò lè ta mọ́tò." Bàbá kò ní sọ nǹkan kan. Á ṣí àwọn ọmọrí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á ki ìgò olórí rọ́bà bọ inú ásíìdì, á fà á sókè, á gbé e sí ojú kan náà pẹ̀lú ẹyinjú rẹ̀, á wo ibi tí ìléfòó inú rẹ̀ dúró sí. Ásíìdì yàrá tó yó máa ń wúwo tó ìlọ́po 1.26 omi lásán. Ti yàrá tó ti kú tán lè má ju 1.11 lọ. Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ nọ́ńbà mẹ́fà náà sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, ní ìlà kan: 1260, 1255, 1260, 1110, 1255, 1260. Á wá fi ìka kan ìkẹrin. "Èyí nìyí."

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì tán. Yàrá márùn-ún tó yó ń mú fólítì 10.5 wá, èyí tó kú náà ṣì lè fi 1.95 kún un nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó. Ó ti lé ní 12 fólítì. Oníbàárà náà kò purọ́ nígbà náà, bí ẹni tó so ínfátà ìyá ẹlẹ́ja kò ṣe purọ́.

Yunifásítì tó wà ní Dundaye, ní ẹ̀yìn ìlú, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 tó sì ń jẹ́ Usmanu Danfodiyo láti 1988. Ibẹ̀ ni ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ agbára wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1982, kí títa páànẹ́lì sólà tó wọ́pọ̀ ní ọjà. Wọn kò ṣi ibẹ̀ yàn. Oòrùn tó ń dé orí ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun àríwá Nàìjíríà ń tó wákàtí kílówáàtì 7 lórí mítà onígun mẹ́rin kan lójúmọ́, nígbà tí ti etíkun kò ju bíi 3.5 lọ. Bẹ́ẹ̀ iná ìjọba, láti Kainji ló ti ń gba Birnin Kebbi wá sọ́dọ̀ wa. Ìlú wa kò jìnnà sí ìparí wáyà. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀bù tó ní ìlà bátìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn fi pọ̀ ní Sókótó, tí ẹni tó mọ̀ bí iná ṣe ń pín lára wọn kò fi yẹ kó ṣọ̀wọ́n.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì báyìí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja, ó wù mí kí àwọn ọmọ náà fi ojú ara wọn rí i. A wá ike gígùn kan, a po omi sínú rẹ̀ pẹ̀lú egbòogi bàbà aláwọ̀ aró, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá máa ń lú mọ́ láìmù láti fi fín kòkó nígbà tí èso rẹ̀ bá ń dúdú lórí igi. A kán ásíìdì díẹ̀ sí i. A gbé bàbà kan sínú omi náà tí iná á gbà wọlé, a gbé bàbà pẹlẹbẹ kan sí ọ̀tún rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, a gbé ìkejì sí òsì ní sẹ̀ǹtímítà 20, a sì fi wáyà kan ṣoṣo so àwọn pẹlẹbẹ méjèèjì pọ̀ tí iná á gbà jáde. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi. Haring àti Blum ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1923, nítorí àwọn tó ń fi iná wọ irin láṣọ bàbà tàbí fàdákà, tí ibì kan ń nípọn, tí ibòmíràn ń fẹ́lẹ́ lára ohun kan náà.

A jẹ́ kí ámpíà 0.6 ṣàn fún wákàtí kan. Faraday ti là á sílẹ̀ láti 1834 pé bí iná tó gba ojú irin kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tó máa lẹ̀ mọ́ irin náà ṣe máa pọ̀ tó. Ámpíà kan fún wákàtí kan á lẹ bàbà gíráàmù 1.19 mọ́ ọn. Nítorí náà, òṣùwọ̀n lásán lè bá wa sọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí a wọn àwọn bàbà náà, èyí tó sún mọ́ ọn ti fi gíráàmù 0.58 sanra, èyí tó jìnnà fi 0.13. Àpapọ̀ 0.71, bí Faraday ṣe wí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tètè rí i pé ìlọ́po márùn-ún ni jíjìnnà wọn, ṣùgbọ́n ìpín wọn kò tó ìlọ́po márùn-ún. Inú mi dùn sí ojú tó fi wò ó. Mo ní kí wọ́n ronú kan ìlú tó ní ibodè méjì, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lọ́nà jíjìn. Èrò ń san owó fún ìrìn, wọ́n sì ń san owó ibodè. Bí èrò bá ti pọ̀ jù lẹ́nu ibodè kan, oníbodè á fi kún owó, àwọn kan á sì yà lọ sí ibodè kejì bó tilẹ̀ jìn. Ojú irin tó wà nínú omi jẹ́ ibodè bẹ́ẹ̀. Iná kì í kàn kọjá lójú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá sì ti pọ̀ tó ni ohun tí ojú irin ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí. Níbi tí owó ibodè bá ti wọ́n ju owó ìrìn lọ, iná á tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí owó ìrìn bá ti wọ́n jù, iná á kóra jọ sí ibi tó sún mọ́ ọn. Carl Wagner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe ìwọ̀n owó méjèèjì yìí síra wọn ní 1951, nọ́ńbà náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní.

Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, "Màlámù, kí ló dé tí a kò fi mítà sí ẹsẹ̀ bàbà kọ̀ọ̀kan, ká kà á tààrà, dípò ká máa wọn ìwúwo?" Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, torí mo ti ṣe é rí, mo sì ti kùnà rẹ̀.

Ìgbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì ni. Mo fẹ́ mọ bí iná ṣe ń pín lára pléètì kan ṣoṣo nínú bátìrì. Pléètì yìí kì í ṣe òjé pẹlẹbẹ lásán. Planté ló ṣe bátìrì olójèé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé ní 1859, Faure tún un ṣe ní 1881, láti bí ìgbà náà sì ni wọ́n ti ń dà á bí irin ojú fèrèsé, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ òjé rẹ́ gbogbo ojú ihò rẹ̀. Ní igun òkè kan ni ó ti ní etí, etí yẹn nìkan sì ni iná ń gbà wọlé tó ń gbà jáde. Iná tó bá ti ìsàlẹ̀ wá ní láti gun gbogbo irin fèrèsé náà kọjá. Nítorí náà, bí ẹrù bá wúwo, ẹ̀bá etí ló ń ṣiṣẹ́ jù, ìsàlẹ̀ a sì máa fà sẹ́yìn. Àní ásíìdì tó wúwo tún máa ń rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí bátìrì bá dúró pẹ́ lójú kan. Ohun tó ṣe bátìrì mẹ́rin ìyá ẹlẹ́ja lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì kan ṣoṣo, lára pléètì kan ṣoṣo, níbi tí ojú kò tó.

Ìlànà tí mo tẹ̀ lé wọ́pọ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Mo gé òjé náà sí ẹ̀là márùn-ún láti òkè dé ilẹ̀, mo fún ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, mo fi irin ìdíwọ̀n kékeré kan sójú ọ̀nà wáyà kọ̀ọ̀kan. Ìdíwọ́ irin náà jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ohm, tí ó fi jẹ́ pé bí mítà bá ka mílífólítì 12 lórí rẹ̀, ámpíà 1.2 ló ń kọjá. Mo kà wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa etí yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àbúrò, o ti tún ilé náà kọ́ kí o tó wọ̀n ọ́n."

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó ní kí n fi ọwọ́ tọ ọ̀nà tí iná ìsàlẹ̀ ń gbà. Mo tọ̀ ọ́, mo sì rí i. Irin fèrèsé tí iná ìsàlẹ̀ ní láti gùn, èyí tó ń fa gbogbo àìdọ́gba náà, ni mo ti gé sọnù, tí mo fún ẹni ìsàlẹ̀ ní títì tirẹ̀ tààrà sí ìta. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í pé ṣé ìnira kankan wà. Ó ní kò sí.

Ó kọ́ mi ní ọ̀nà méjì tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan ni kí n fi pléètì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n fi wáyà tín-ínrín kan ojú ibi márùn-ún lára irin rẹ̀, kí n ka bí fólítì ṣe ń rẹlẹ̀ láti ibì kan dé èkejì, kí n sì ti ibẹ̀ ṣírò ohun tó ń kọjá. Èkejì ni kí n má tilẹ̀ fara kàn án. Gbogbo iná tó ń ṣàn ló ń ní òòfà yí ara rẹ̀ ká, Edwin Hall sì ti fi hàn ní 1879 pé òòfà lè ti iná sí ẹ̀gbẹ́ kan lára irin pẹlẹbẹ, débi pé a lè ka títì náà ní fólítì. Ohun tó wà lẹ́nu mítà ẹlẹ́mú mi nìyẹn. Ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ni, ó ń tẹ́tí sí i. (Ẹni tó bá fẹ́ ra irú mítà yìí, kí ó bèèrè èyí tó ń ka iná bátìrì. Èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ, iná ìjọba nìkan ló mọ̀ ọ́n kà.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó kọjá níbẹ̀. Inú yàrá àyẹ̀wò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ni mo ti gé òjé. Òjé tí àwọn baba wa ń rọ ní ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn olórìṣà, májèlé ni eruku rẹ̀. Ní 2010, ní Zamfara, tó jẹ́ ara ìpínlẹ̀ Sókótó títí di 1996, eruku òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá góòlù pa ọmọ kéékèèké tó lé ní irínwó. Ẹ má ṣe tú bátìrì nínú àgbàlá tí ọmọ ti ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yàrá àyẹ̀wò yẹn padà wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹlẹ́ja. Bàbá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Ọmọ mẹ́ta la jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé inú ilé pẹ̀lú rẹ̀, àbúrò mi obìnrin wà ní Ìlọrin, èmi wà ní Sókótó. Oṣooṣù la ń dá owó, owó náà sì máa ń pé. Bàbá ń jẹun, oògùn rẹ̀ kì í tán. Bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi lójú gbogbo ẹbí lórí fóònù, tí mo bá bi í bóyá nǹkan nira, á ní kò sí wàhálà, a dúpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ kó sọ? Mo ti gé e sọ́tọ̀, mo gbé ìbéèrè lé e lọ́wọ́, ó sì fún mi ní ìdáhùn tí ìbéèrè náà ṣe.

Mi ò bi í léèrè mọ́ ní alẹ́ yẹn. Mo pè é ní aago mọ́kànlá, mo kàn ń bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Láàárín wákàtí kan, bàbá pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún, bí ó ṣe ń wọ sálúbàtà, bí omi ṣe ń ya sínú ife, bí ó ṣe ń padà wá jókòó tí ó ń mí. Lẹ́yìn ìpè kẹrin, ó gbàgbé ohun tí a ń sọ. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò dín, àmọ́ mi ò mọ òórùn yàrá bàbá mi mọ́. Oṣù Kejìlá ni mo lọ sílé, mo gba òru lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò wa náà ń ti Ìlọrin wá ní òpin ọ̀sẹ̀ láti ìgbà náà, kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kí ó wá.

Bátìrì ìyá ẹlẹ́ja kò gbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Sípánà kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo fi wáyà pupa sílẹ̀ lórí bátìrì àkọ́kọ́, mo tú dúdú kúrò níbẹ̀, mo lọ dè é mọ́ orí ìkẹrin. Bátìrì yòówù tí ẹ bá mú báyìí, iná rẹ̀ á gba wáyà kúkúrú mẹ́ta kọjá, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni iye tó ń gbà lọ́nà pupa àti iye tó ń gbà lọ́nà dúdú. Mo tún kà wọ́n: 10.9, 9.1, 9.0, 11.0. Kò dọ́gba tán pátápátá, àwọn méjì tó wà láàárín ṣì ń gbádùn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dọ́gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fa wáyà tí gígùn wọn bára mu láti ara bátìrì kọ̀ọ̀kan wá sí ojú irin kan. Ìyá ní kí ni owó iṣẹ́ mi. Mo ní kí ó fún mi ní ẹja kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní bátìrì méjì, mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ lọ wò ó lónìí. Bí wáyà pupa àti dúdú bá wà lórí bátìrì kan náà, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kí ó gbé ọ̀kan lọ sí ìparí ìlà, kí ó sì ka bátìrì kọ̀ọ̀kan lójú yín, kì í ṣe wáyà ńlá nìkan. Ẹ ní kí ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ olúkúlùkù. Ọdún kejì ti kọjá báyìí ní Mabera, bátìrì àkọ́kọ́ ìyá ẹlẹ́ja sì wà lójú rẹ̀.